Ẹnìkan Kì Í Bú Ṣàngó Lẹ́ẹ̀rùn

"Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Bí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí a ṣe nǹkan lásìkò rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ṣàngó? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹni tó fi Ṣàngó búra ń sọ lójú gbogbo èèyàn pé, bí òun bá purọ́, kí àrá sán pa òun. Bí ó bá búra bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí Ìbàdàn, tí mànàmáná ń kọ, òpùrọ́ á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu. Bí ó bá ṣe é nínú ọyẹ́, kí ni yóò bà á lẹ́rù? Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìbúra náà kò ná an ní nǹkan kan, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. (Ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì lè fi irin búra. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: irin kò ní ẹ̀ẹ̀rùn.)

Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé agbára tí kò sí nítòsí kì í ba èèyàn lẹ́rù. Mo fẹ́ fi í wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní aago, tí wọ́n wá fi aago lé kúrò.

Ẹ bá mi rìn níhìn-ín n'Ìbàdàn, láti Ọjà'ba wá sí Ìdí Arẹrẹ, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ti ṣí, èyí tó tẹ̀ lé e ṣì wà ní títì. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ rẹ̀, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì dé, kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Máíkírà ń já èrò sílẹ̀, ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbani sí níhìn-ín, ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á. Ọ̀gá á sọ fún ọmọ tó wá iṣẹ́ wá pé, "Ṣáà máa wá láàárọ̀." Ọmọ á dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà." Ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àárọ̀ wo, bóyá ti aago méje ni tàbí ti ìyálẹ̀ta.

Ká ní télọ̀ ni ọ̀gá yìí. Lóṣù àkọ́kọ́, ọmọ ń dé ní aago mẹ́jọ. Ó wá rí i pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í dé kó tó di aago mẹ́wàá, oníbàárà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú kí oòrùn tó mú. Lóṣù kejì, ó di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Lóṣù kẹrin, mẹ́sàn-án ti ń kọjá. Bí ó bá wọlé á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú, sà, Mọ́lété ni wọ́n ti há wa mọ́." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín: "Ìwọ àti Mọ́lété yìí! Lọ jókòó." Ọdún kan ààbọ̀ kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà ni Iléyá wọlé. Aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, oníbàárà kan wá gba tirẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ó sì bú u bí ẹni láyin. Nígbà tí ọmọ dé ní aago mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ. Ìpẹ́lẹ́yìn rẹ ti sú mi."

Ọ̀pọ̀ tí ẹ bá bi léèrè yóò dá ọmọ náà lẹ́bi, wọ́n á ní ó rí ọ̀gá tó láàánú, ó wá sọ àánú di ẹ̀tọ́. Èmi kò gbà tán. Ọdún kan ààbọ̀ ni ọ̀gá fi sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá ń retí kí ọmọ bẹ̀rù àrá. Ẹ̀rín tó ń rín yẹn, òfin ló ń ṣe. Ó ń sọ fún ọmọ láràárọ̀ pé aago mẹ́sàn-án kò burú. Bí ó bá fẹ́ yí i padà, ẹnu tó fi rín in ni kó fi sọ ọ́, kó tó di pé ó lé ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé baba wa kò mọ àsìkò. Àkùkọ ń kọ, ìyálẹ̀ta ń pé, oòrùn ń kàntàrí, ọjà alẹ́ ń ná. Ohun tí wọn kì í sábà ṣe ni kí wọ́n fi wákàtí díwọ̀n iṣẹ́. Ìwọ̀fà tó ń fi agbára ara rẹ̀ san èlé owó, ebè ni wọ́n ń kà fún un lóko. Samuel Johnson, tó ṣe tíṣà ní Àrẹ̀mọ níhìn-ín n'Ìbàdàn, mẹ́nu kan ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìwọ̀fà tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá lè kọ ebè olówó tán kí oòrùn tó mú, kó gba oko tirẹ̀ lọ. Ti àáró, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn roko láyìípo, tilẹ̀ tún dára ju èyí lọ. Ẹni tó pẹ́ dé oko ẹlòmíràn lónìí mọ̀ pé àwọn náà lè pẹ́ dé tòun nígbà tó bá kan òun. Àrá inú àáró kì í wọ́n lójú ọ̀run, kò sì sẹ́ni tí í pariwo.

Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró de ẹni tó ṣì ń wẹ̀. Ní 1929 wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn ń fi aago bẹ̀rẹ̀ sì pọ̀ sí i nígboro. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni aago ṣòro fún o. Òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, E. P. Thompson, kọ ọ́ ní 1967 pé kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde ní ìlú wọn, àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fi ọjọ́ Ajé ṣeré, nígbà míì wọ́n á fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kún un, wọ́n á wá fi òru òpin ọ̀sẹ̀ sáré parí iṣẹ́. Aago, ìtanràn àti agogo ilé ìwé ni wọ́n fi yí wọn lọ́kàn padà, ó sì gbà wọ́n ní ìran mélòó kan.

Ibi tí ìjà ti ń wá ní Ìdí Arẹrẹ ni pé iṣẹ́ ebè àti iṣẹ́ aago ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ọmọ tí wọ́n ń sanwó fún lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tó bá rán, ebè ló ń kọ. Bí ó bá dé ní ọ̀sán, tó sì parí aṣọ kó tó di ọjọ́ àdéhùn, kí ló kan ọ̀gá nínú oorun tó sùn? Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gba owó oṣù, tó jẹ́ pé òun ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kí ìlẹ̀kùn ṣí. Bí irú ẹni yìí bá pẹ́, kò tíì ṣiṣẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò tíì jókòó bi ara wọn léèrè pé èwo nínú méjèèjì ni àwọn ń sanwó rẹ̀. Òmíràn sì wà tó mọ̀ dáadáa, tó jẹ́ pé ọjà ló dín kù, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń wá iṣẹ́, ó wá fi ìpẹ́lẹ́yìn kẹ́wọ́. Èyí kò ṣọ̀wọ́n.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Bölkow ní Ottobrunn, nítòsí Munich, yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1967. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń há mọ́ra wọn láràárọ̀ bí gbogbo wọn bá ń wọlé lásìkò kan náà. Wọ́n bá ní kí kálukú máa dé nígbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ya àwọn wákàtí kan sọ́tọ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàìsí lẹ́nu iṣẹ́. Bí iṣẹ́ ti rọgbọ tó, ààlà rẹ̀ wà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n.

Àwa náà ti gbìyànjú tiwa, pẹ̀lú ariwo. Ní oṣù kẹta 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé ogun ti ìwà ìbàjẹ́ láwùjọ, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí WAI. Sójà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́, àgbà tó ní ọmọ àti ìyàwó, á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1985 wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, àrá yẹn sì dákẹ́. Ìlànà inú ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wúlò jù ú lọ. Nínú ẹ̀dà ti 2008, pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ lemọ́lemọ́ wà lára àṣìṣe gbogbogbòò, àìwá síbi iṣẹ́ láìgbàyè sì wà lára èyí tó wúwo. Kúẹ́rì ló ń ṣáájú, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á fèsì, kí wọ́n tó dá ẹjọ́.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ kò rí kúẹ́rì gbà, àmọ́ òfin kò gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé, kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fún un ní ìwé tó sọ àdéhùn wọn, títí kan wákàtí iṣẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà ti sọ̀rọ̀ lórí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ nínú ẹjọ́ kan tó ti Ìbàdàn yìí lọ, èyí tí Olatunbosun pe ìgbìmọ̀ ilé ìwádìí NISER, ní 1988: agbanisíṣẹ́ lè fi nótíìsì dá ènìyàn dúró láìsọ ìdí, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ìdí, òun ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tún fi ìmọ̀ràn méjì síta ní 1982 tí ó bá òwe wa mu wẹ́kú. Èkínní, àṣìṣe tó jẹ́ pé àṣetúnṣe ló ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ léni, kí ìkìlọ̀ lórí ìwé ṣáájú rẹ̀. Èkejì, agbanisíṣẹ́ tó mọ̀ nípa àṣìṣe, tó sì dákẹ́ títí ó fi pẹ́, ti sọ ẹ̀tọ́ àtilé òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀ nù. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin tó de Nàìjíríà, àmọ́ adájọ́ kò ní rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sára ògiri: aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí kò sí ìbínú, kí ẹ̀yin náà sì dé lásìkò tí ẹ kọ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má fi ẹ̀rín ọ̀gá ṣe àdéhùn, ẹ béèrè lọ́la pé àárọ̀ wo ni. Bí wọ́n bá sì lé yín bí ti ọmọ télọ̀ yẹn, ẹ mọ ohun tó tọ́ sí yín lábẹ́ Òfin Òṣìṣẹ́: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ kan, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Bí wọn kò bá fún yín ní nótíìsì, ẹ béèrè owó rẹ̀.