Ìjókòó Kan, Ènìyàn Kan: Ìtàn Bí Ọmọ Wa Ṣe Ń Wọ Yunifásítì



Lọ́dọọdún, tí ìdánwò JAMB bá ti sún mọ́lé, ẹsẹ̀ kì í dá nílé mi. Ìyá á mú ọmọ wá, bàbá á mú ìwé wá, kí pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e. Inú mi máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, arákùnrin kan wá bá mi lálẹ́. Ó ti tọ́jú owó tó fẹ́ fún ọkùnrin kan tó ní òun máa bá a fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sára àwọn tí wọ́n gbà wọlé. Àdúrà tó fẹ́ kí n gbà ni pé kí ọkùnrin náà má gbé owó sá lọ! Mo ní mi ò lè gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó bínú lọ, mi ò sì rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti parí ìjà báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo wá rí i pé àlàyé ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, kì í ṣe "rárá" nìkan. Àlàyé náà rèé.

Ẹnu ọ̀nà yìí ò fẹ̀ rí. Nígbà tí Fourah Bay College bẹ̀rẹ̀ ní Sierra Leone lọ́dún 1827, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kó wá láti Yaba Higher College. Ẹ rò ó wò: 104, ní gbogbo Nàìjíríà! Títí di 1960 tí Nsukka ṣí, Ìbàdàn nìkan la ní.

Ní ìlú Benin tí a wà yìí, nígbà tí Samuel Ogbemudia ń ṣe gómìnà Midwest, wọ́n dá Institute of Technology sílẹ̀ ní 1970. Ní 1972 ó di University of Benin, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní April 1, 1975. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa mọ̀ bí ayọ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà nígbà náà. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀. Ọmọ tó bá ní owó fọ́ọ̀mù á ra ti Ìbàdàn, á ra ti Ifẹ̀, á ra ti Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta lè gba ọmọ kan ṣoṣo náà. Ibi kan ló máa jókòó sí, ìjókòó méjì yòókù á ṣófo, nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn wà nílé tó ń sunkún. Nígbà tí yunifásítì di 13 ní 1977, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, M. S. Angulu ni alága rẹ̀, àbá wọn ló bí JAMB. Òfin rẹ̀ jáde ní 1978. Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe láti fìyà jẹ ọmọ wa ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Kí ẹnì kan má baà di ìjókòó ẹnì kejì mú ni.

Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní 2005, àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò kejì fúnra wọn, nítorí máàkì tí àwọn ọmọ kan gbé wá kò bá ohun tó wà lórí wọn mu. Ní 2015, gbogbo ìdánwò JAMB di ti kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ní 2024, nínú èsì 1,842,464 tó jáde, 1,402,490 ni kò tó 200 nínú 400.

Ohun mìíràn tún kan àwa Yorùbá tó wà níbí. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe Ugbowo tí wọ́n bí ọmọ sí. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn kan nínú yín.

Ẹ má bínú, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe JAMB. Nígbà kejì, ìyá mi ta aṣọ òkè rẹ̀ kí n lè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín ìdáhùn. "Miracle centre" ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fún olè! Mo kọ ohun tí wọ́n fún mi. Èsì wa kò jáde. Aṣọ lọ, ọdún lọ, ìtìjú ló kù. Ká ní ó jáde ni, ìjókòó ta ni ǹ bá jókòó sí? Ọmọ kan tí mi ò mọ̀, tí ìyá tirẹ̀ náà ń gbààwẹ̀.

Ẹ rántí Dáníẹ́lì. Wọ́n ṣa òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ọba Bábílónì, ọdún mẹ́ta gbáko. Kò wá ẹni tó máa bá a sọ ọ́ lẹ́yìn. Ohun tó bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ Ọlọ́run kì í sá fún ìdánwò tòótọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀nà kò pin síbì kan. Ọmọ tó bá gba NCE tàbí OND tó dára lè gba Direct Entry wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà nínú ìjọ, mò ń bẹ̀ yín: ẹ fún wa ní wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, ká fi gbọ̀ngàn ìjọ kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ arákùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ní òun máa wá. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ìjókòó, ìwé ni wọ́n fi rà.

Kí Olúwa ṣí ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tì fún àwọn ọmọ wa, láìṣe pé a ti ọmọ ẹlòmíràn síta. Àmín.