Sàfárì Ẹlẹ́bí ní Serengeti àti Ngorongoro

Sàfárì ni ìrìn-àjò tí ènìyàn ń rìn lọ sí ilẹ̀ tí àwọn ẹranko ńláńlá ń gbé, láti wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń bímọ, tí wọ́n sì ti ń pa ara wọn jẹ, láìsí àgò, láìsí ọgbà. Inú èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láti inú èdè Lárúbáwá ni Swahili sì ti mú un. Lẹ́nu àwọn tó ni ín, kò kan kìnnìún rárá. Oníṣòwò tó wọ bọ́ọ̀sì láti Arusha lọ sí Dar es Salaam wà lórí sàfárì, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé ènìyàn re àjò. Àwọn òyìnbó ọdẹ ló so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹranko. Irú sàfárì kan pàtó ni àyọkà yìí dá lé: èyí tí ọmọ mú òbí rẹ̀ lọ, tàbí tí òbí mú ọmọ dání, tàbí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ lọ, tí amọ̀nà tó mọ igbó sì ń wa ọkọ̀ gbé wọn kiri ní àríwá Tanzania.

Bàbá pẹ̀lú ọmọ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹbí ti ń jọ rin irú àjò yìí. Ní 1909, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí Theodore Roosevelt kúrò nípò ààrẹ Amẹ́ríkà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, òun àti ọmọ rẹ̀ Kermit, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó gbàyè kúrò ní Yunifásítì Harvard. Mombasa ni wọ́n gúnlẹ̀ sí; nígbà tí wọ́n fi dé Khartoum, ó ti di 1910. Wọ́n ní àwọn ń kó ẹran jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian. Ìbọn ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n pa: bàbá pa 296, ọmọ pa 216. Láti ọwọ́ àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni a ti jogún orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ sàfárì ń lò títí dòní, ìyẹn “àwọn márùn-ún ńlá”: kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáńréré. Títóbi nìkan kọ́ ni wọ́n fi yàn wọ́n. Àwọn ni ó léwu jù fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lépa wọn.

Ọdún bíi méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, bàbá àti ọmọ mìíràn dé. Bernhard Grzimek ni olórí ọgbà ẹranko Frankfurt ní Jámánì, Michael ni ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ra kékeré kan, wọ́n kùn ún ní ìlà dúdú àti funfun, wọ́n sì gbé e láti Jámánì wá sí Serengeti. Kíkà ni wọ́n wá ka ẹran. Ìjọba ìgbà náà fẹ́ tún ààlà ọgbà náà fà, kò sì sí ẹni tó lè sọ dájú iye ẹran tó wà níbẹ̀ tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1959, Michael nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ó kọlu igún kan lófurufú, tó sì já. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Etí ihò Ngorongoro ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ òkúta tí wọ́n tò jọ ṣóńṣó. Bàbá rẹ̀ parí fíìmù tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 1960, ó sì fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ owó fún ọgbà náà. Nígbà tí ó kú ní 1987, ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé eérú rẹ̀ wá sí. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ gba ojú ọ̀nà etí ihò náà kọjá, kí ó sọ fún awakọ̀ kó dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ náà

Wọ́n dá Ọgbà Orílẹ̀-èdè Serengeti sílẹ̀ ní 1951. Ó fẹ̀ tó 14,763 kìlómítà níbùú lóòró. Láti inú èdè àwọn Maasai ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ó sì ń sọ nípa pápá tí kò lópin. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni ẹranko kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nyumbu: ìbátan àgbọ̀nrín ni, ó ní ìwo bíi ti màlúù, ó ní irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ, èjìká rẹ̀ sì ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn ló ń yí ilẹ̀ náà po lọ́dọọdún, pẹ̀lú nǹkan bí 200,000 kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ egbin. Òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà máa ń jẹ orí koríko gíga tó ti le, nyumbu á sì wá jẹ ewé tútù tó kù nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè jọ rìn láìjà.

Oṣù Kejì ni èmi yóò yàn fún ẹni tó ń mú ọmọdé lọ. Àkókò náà ni àwọn nyumbu wà ní gúúsù, ní agbègbè Ndutu, níbi tí eérú òkè oníná àtijọ́ ti sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, tí koríko sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko apẹranjẹ kò fi ní ibi sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí, ọ̀kẹ́ àìmọye láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bíbí tí wọ́n ń bí papọ̀ yìí ni ààbò wọn, nítorí kìnnìún àti ìkookò kò lè jẹ ọmọ náà tán. Ọmọ á bọ́ sílẹ̀, á gbìyànjú, á ṣubú, á tún gbìyànjú. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti ń sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Mo rò pé kò sí ohun mìíràn ní Serengeti tó lè mú ọmọ ọdún mẹ́jọ dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí fíìmù ń gbé káàkiri ni líla odò Mara kọjá, ní àríwá, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, níbi tí ọ̀ọ̀nì ti ń dúró dè wọ́n. Ó tọ́ kí a rí i. Ṣùgbọ́n agbo náà lè dúró létí odò láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí wọ́n sì yí padà láìwọ omi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí rẹ̀ fún ìyá tó ti dàgbà.

Ngorongoro ni òkè oníná tí orí rẹ̀ wó lulẹ̀ láyé àtijọ́, tó sì di ihò ràgàjì kan: ó fẹ̀ tó kìlómítà 19 láti etí kan sí èkejì, ó jìn tó 600 mítà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 260 kìlómítà níbùú lóòró. Erin, ẹfọ̀n, erinmi, kìnnìún àti àgbáńréré dúdú díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgùnfọn kò sí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sùn nísàlẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Etí òkè náà ga ju 2,000 mítà lọ, òwúrọ̀ ibẹ̀ sì tutù ju ohun tí ẹni tó ti Èkó wá lè rò lọ. Ṣúwẹ́tà ni kí a kọ́kọ́ dì sínú àpótí.

Amọ̀nà

Ọkọ̀ Land Cruiser tí òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé sókè ni ó wọ́pọ̀, ẹni kan náà ló sì sábà máa ń jẹ́ awakọ̀ àti amọ̀nà. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdí àjò náà wà. Ojú tí ó fi ń wo pápá kì í ṣe ojú àlejò: bí gbogbo egbin bá dúró tí wọ́n kọjú síbì kan náà, ó mọ̀ pé nǹkan wà nínú koríko níbẹ̀, bí igún bá ń rà bàbà lókè, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń wá òkú àti èyí tó ti rí i. Àwọn mìíràn ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹranko tó wà ní Mweka, nítòsí Moshi, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963. Àwọn Yorùbá kò ní ṣàìmọ irú ìmọ̀ yìí. Ìjálá àwọn ọdẹ wa kún fún oríkì erin, ẹfọ̀n àti ọ̀bọ, ẹni tó bá sì lè ki ẹranko bẹ́ẹ̀ ti wò ó fínnífínní kó tó la ẹnu.

Òfin kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ènìyàn kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, a kì í pariwo, a kì í sọ oúnjẹ sí ẹranko. Láti oṣù Kẹfà 2019 ni Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá. Bí agbára bá ká a, kí ẹbí gba ọkọ̀ tiwọn láìjẹ́ pé wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn àjèjì, kí wọ́n lè dúró ti erin kan fún wákàtí méjì láìsí ẹni tí yóò máa wo aago.

Ẹni tí a bá lọ

Kìnnìún ń sùn tó ogún wákàtí lójúmọ́. Jíjókòó àti dídúró dè ni sàfárì jẹ́ jù, nítorí náà ẹni tí a jọ jókòó ṣe pàtàkì tó ẹranko tí a ń wò. Ọ̀pọ̀ àgbà ọmọ, pàápàá àwọn tó ń gbé òkè òkun, kì í bá òbí wọn sọ̀rọ̀ kọjá bí ara ṣe le àti bóyá owó ti wọlé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí gbogbo ojú kọ sí pápá, ọ̀rọ̀ máa ń jáde tí kì í jáde nídìí tábìlì. Ó rọrùn láti sọ òtítọ́ nígbà tí ojú ẹni méjì kò bá kọ ara wọn.

Erin ni kí a fi ọjọ́ kan gbáko wò pẹ̀lú ìyá àgbà. Abo tó dàgbà jù ló ń ṣáájú agbo. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn kì í fi í sílẹ̀, akọ nìkan ló ń kúrò nílé bí ó bá ti ń bàlágà. Oṣù méjìlélógún ni wọ́n fi ń lóyún. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ìrántí abo àgbà náà ni gbogbo wọn yóò gbà dé ibi omi.

Ara àgbà ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀. Ojú ọ̀nà náà kún fún gọ̀tagọ̀ta, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kí ó jókòó síwájú, kí oògùn rẹ̀ sì wà nínú àpò ọwọ́. Kí a béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lọ́nà kí a tó gbéra láàárọ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú jẹ́ dandan fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Tanzania. Ẹ̀fọn ń bẹ, ibà sì ń bẹ níbẹ̀ bíi tilé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kì í san owó ẹnu ọ̀nà ọgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibùdó kì í gba ọmọ kékeré fún ìrìn ẹsẹ̀ nínú igbó. Ọkọ̀ òfurufú láti Èkó sábà máa ń gba Addis Ababa tàbí Nairobi kọjá, níbi tí ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ti lè pàdé ìyá rẹ̀.

Àwọn onílẹ̀

Ilẹ̀ náà kò ṣófo rí. Ní 1959, wọ́n kó àwọn Maasai tó ń da màlúù ní Serengeti kúrò, wọ́n sì ṣèlérí fún wọn pé wọn yóò máa gbé Ngorongoro pẹ̀lú ẹranko. Láti 2022, ìjọba Tanzania ti ń kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Msomera, níbi tó jìnnà réré sí ìlú wọn, ọ̀pọ̀ sì ti tako ó. Kí òbí sọ èyí fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò pápá tí kò sí ilé kankan nínú rẹ̀.

Nílé

Ẹni tí owó Tanzania kò tó kò tíì pàdánù ohun gbogbo. Erin ṣì wà ní ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, níbi tí omi gbígbóná Wikki wà. Ọgbà Pendjari ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin ní kìnnìún àti erin, àmọ́ àwọn agbébọn ti dé agbègbè náà: ní oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó jẹ́ amọ̀nà wọn. Ìròyìn ààbò ni kí a kọ́kọ́ gbọ́ nípa ibikíbi nínú àwọn wọ̀nyí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọgbà Orílẹ̀-èdè Old Oyo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, ó sì ní ẹfọ̀n, ìmàdò àti àgbọ̀nrín. Kò sí agbo nyumbu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú igbó náà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí koríko ti bo odi rẹ̀, tí àpáàdì àwọn tó gbé ibẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀, níbi tí ẹfọ̀n ń rìn kọjá.