Ilé Onígi ti Holborn

Nínú àwọn ìwé tí ó ní àwòrán ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a máa ń rí ilé kan ní òpópó High Holborn, tí ìtì igi dúdú hàn gbangba lójú ògiri funfun rẹ̀, tí àjà òkè rẹ̀ sì yọrí síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Staple Inn ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé a wò ó, a sì wí pé, “Bí wọ́n ti kọ́ ọ ní àtijọ́ náà nìyí.” Àwa náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1585, nígbà tí Ọbabìnrin Èlísábẹ́tì Kìíní wà lórí ìtẹ́, ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé àwọn amòfin ni, lábẹ́ Gray's Inn. Igi ni egungun irú ilé bẹ́ẹ̀: gbẹ́nàgbẹ́nà a gbẹ́ ihò sí igi óákù kan, a ki orí èkejì bọ̀ ọ́, a sì fi èèkàn igi kàn án pinpin. Ògiri àárín wọn kò ru ẹrù kankan. (Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ wa ni, ikán ì bá ti parí ìtàn náà tipẹ́.)

Ní oṣù September ọdún 1666, iná bẹ́ sílẹ̀ ní ilé oníbúrẹ́dì kan. Ó jó fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì run ilé 13,200 àti ilé ìsìn 87. Ní ìhà ibẹ̀ yẹn, Fetter Lane ni ó kú sí, nítòsí gan-an, kò sì kan ilé onígi yìí. Láti ìgbà náà ni òfin ti pàṣẹ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi tún ibi tí ó jó kọ́. Ní ọdún 1759 Samuel Johnson gbé ní Staple Inn. Kì í ṣe tiwa tí ó kọ ìtàn Yorùbá, bí kò ṣe èyí tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó yá, wọ́n rẹ́ ojú ilé náà, tí àwọn tí ń kọjá kò fi rí igi rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò Prudential rà á ní ọdún 1886, Alfred Waterhouse sì bó ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò. Ní ọdún 1937 wọ́n tún gbogbo inú rẹ̀ kọ́. Ojú àtijọ́, inú tuntun! Síbẹ̀ àwa kò lè pè é ní ayédèrú, nítorí ẹni tí ó bó ìrẹ́ náà kò fi igi tí kò sí níbẹ̀ hàn wá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù August ọdún 1944, bọ́ǹbù afò-láìní-awakọ̀ ti àwọn ará Jámánì bọ́ sí ẹ̀yìn ilé náà. Ojú òpópó dúró, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn wó lulẹ̀. Wọ́n ṣa igi tí ó sàn nínú àwókù rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí Edward Maufe sì tún gbọ̀ngàn náà kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1955, wọ́n dá wọn padà sí òrùlé.