Obìnrin Ẹlẹ́ja Nínú Ìtàn Èkó: Àpẹẹrẹ Alimotu Pelewura

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tútù ni à ń ká ẹja. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ obìnrin ni ó ti jáde. Ní etí ọ̀sà, ọkùnrin ni ó sábà máa ń da àwọ̀n. Obìnrin ni ó ń ká ẹja, tí ó ń yan án, tí ó sì ń gbé e lọ sí ọjà. Bí ẹja kò bá tètè rí iná tàbí oníbàárà, yóò jẹrà, làálàá apẹja yóò sì di òfo. Ẹni tí ó bá fi ìtàn ẹja pípa mọ sórí ọkọ̀ àti àwọ̀n, ààbọ̀ ìtàn ni ó sọ.

Ìgbésí ayé Alimotu Pelewura jẹ́rìí sí èyí. Ẹlẹ́ja ni, bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ó di olórí ọjà Eréko, ó sì darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Ní ọdún 1940, ìjọba amúnisìn pàṣẹ pé kí obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá, Pelewura kó àwọn obìnrin lọ bá àwọn aláṣẹ. Ìjọba sì gbé ìwọ̀n náà sókè sí £200. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ rẹ̀ tako iye owó tí ìjọba fi ipá dá lé oúnjẹ, títí ètò náà fi kógbá wọlé ní 1945.

Kì í ṣe èèṣì pé ẹlẹ́ja ni ó ṣíwájú. Àwìn ni ẹlẹ́ja sábà máa ń gba ẹja lọ́wọ́ apẹja. Ìgbà tí ó bá tà á ni ó ń sanwó. Ohun tí ó bá dín èrè rẹ̀ kù dé ọ̀dọ̀ apẹja, ó sì dé abọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín tí kì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́ ni ó ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń yan án jẹ́.

Pelewura kú ní 1951. Kí òpìtàn tí ó bá dé etí ọ̀sà má ṣe béèrè ẹni tí ó pa ẹja nìkan. Kí ó béèrè ẹni tí ó ká a, àti ohun tí ó ná an.