Omi Gbígbóná Ìkógòsì: Ìwòsàn, Èèwọ̀ àti Àwọn Ẹ̀dá Inú Omi

Ìkógòsì jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, nítòsí Àrámọkọ. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun jáde lẹ́bàá ara wọn, tí wọ́n sì ń pàdé. Ẹni tó bá tẹ ẹsẹ̀ kan sí apá kan níbi ìpàdé náà, tó tẹ èkejì sí apá kejì, yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Apá Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí mi. A kò ní irú omi bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í wá bi mí bóyá kí òun lọ wẹ̀ níbẹ̀ fún ìwòsàn. Ìdáhùn mi nìyí.

Bí omi náà ṣe rí

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ooru omi náà tó 70°C. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ yóò bó. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ọ́n rí i pé nǹkan bí 37°C sí 38°C ni, bí ara ènìyàn ṣe ń gbóná gan-an. Kò sí òkè oníná níbẹ̀. Omi òjò ló ń gba inú òkúta tó sán lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, kó tó tún padà sókè.

Wọ́n máa ń sọ pé John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló rí omi náà ní 1952. Lóòótọ́, ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onílùú ti mọ omi wọn kí ó tó dé.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ

Ọdẹ kan ní ìyàwó méjì. Ọ̀kan jẹ́ onínúfùfù, èkejì jẹ́ oníwà tútù. Ìjà wọn kò tán, títí àwọn méjèèjì fi di omi, tí ọkọ wọn sì di òkè tó wà lókè wọn. Títí dòní, wọ́n jọ ń ṣàn, ọ̀kan kò sì gba ìwà èkejì. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò di dandan kí àwọn tó jọ ń gbé ojú kan fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n kí oníkálukú mọ ààyè rẹ̀.

Ta ló ni omi?

Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn òrìṣà ọkùnrin 16 fojú fo Ọ̀ṣun dá. Kò sí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé tó gún, àfi ìgbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti sun, ní Ìgèdè. Nígbà tí ó bá dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja rẹ̀ pípa, èèwọ̀ sì ni ọdẹ ṣíṣe nínú igbó náà. Ẹja àti ọ̀bọ ibẹ̀ kì í ṣe àlejò wa. Àwa ni àlejò wọn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Jigokudani, ní ilẹ̀ Japan, àwọn ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú omi gbígbóná tí àwọn àlejò ilé ìgbàlejò kan ń wẹ̀. Wọn kò pa ọ̀bọ, wọn kò sì bá a wẹ̀ pọ̀. Adágún tirẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì ṣí ọgbà náà ní 1964.

Ẹ̀dá tí ojú kò rí

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti abúlé kan lápá Ọyẹ́. Ó ní, "Baba, ẹ gbà mí, ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ yìí ń tọ̀." N kò dá Ifá. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó máa wẹ̀ nínú odò abúlé wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí omi tútù ni ìtùnú ara.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Ifá ní kí n dẹ́kun ohun tí mo ń ṣe, kí n fi ọmọ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní àtọ̀sí ajá ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi: bí aláìsàn bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, ọmọ aràn á wọ inú ìgbín omi kékeré, á dàgbà níbẹ̀, á jáde, á sì gba awọ ara ẹni tó bá wọ omi wọlé. Praziquantel ni wọ́n fún un, ara rẹ̀ sì yá.

Odò tó kó àìsàn ràn án ni mo tún rán an padà sí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó sì ń tọ̀ síbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti ń wẹ̀. N kò sọ pé irú ìgbín yẹn wà ní Ìkógòsì. Ohun tí mo ń sọ ni pé omi lè jẹ́ òrìṣà, kí ẹ̀dá mìíràn sì tún wà nínú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi Ọ̀ṣun nígbà ọdún rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí àwọn tó ń wa góòlù. Ọ̀ṣun kọ́ ló bàjẹ́. Àwa la ba ilé rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

- Ẹ dá Ifá kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílùú.
- Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń dẹ oríkèé àti iṣan tó ń ro ni. Ẹ má tìtorí rẹ̀ ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ nù.
- Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ.
- Ẹ má fi ọṣẹ wẹ̀ lójú ìsun, ẹ má ju ike síbẹ̀, ẹ má sì tọ̀ sínú omi kankan.