Iten, Níbi Tí Ilé-Ìwé Ti Sọ Eré Sísá Di Ẹ̀kọ́

Ọdún 1976 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí Iten láti ilẹ̀ Ireland. Ìlú kékeré orí òkè ni Iten nígbà náà, ní apá ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá tó wo Àfonífojì Kerio nísàlẹ̀. Colm O'Connell ni orúkọ àlejò yìí. Bùrọ́dà ni nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Patrician Brothers, jọ́gíráfì ló sì wá kọ́ àwọn ọmọ ní St. Patrick's High School, ilé-ìwé ọkùnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1961. Kò kọ́ṣẹ́ kóòṣì rí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ eré ìje.

Ọdún ìjákulẹ̀ ni ọdún náà jẹ́ fún àwọn sárésáré Kẹ́ńyà. Ìdíje Òlíḿpíìkì wáyé ní Montreal, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tó fi mọ́ Kẹ́ńyà, kọ̀ láti kópa, nítorí pé ikọ̀ rugby New Zealand lọ bá South Africa ṣeré lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Kẹ́ńyà tún yẹra fún Moscow. Àwọn tó wà ní góńgó agbára wọn láàárín ọdún méjèèjì yìí ò rí pápá Òlíḿpíìkì tẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ wọn fi rọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, orúkọ Kẹ́ńyà ti hàn. Ìjọba amúnisìn ló gbé ìdíje orí pápá wọ àwọn ilé-ìwé àti bárékè, ọdún 1951 ni wọ́n sì dá àjọ eléré ìje ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nyandika Maiyoro ṣe ipò keje nínú mítà 5,000 ní Melbourne ní 1956. Wilson Kiprugut gba idẹ nínú mítà 800 ní Tokyo ní 1964, òun sì ni ọmọ Kẹ́ńyà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì. Nígbà tó fi máa di Mexico ní 1968, wúrà mẹ́ta ló wọlé nínú eré sísá: Kipchoge Keino nínú mítà 1,500, Naftali Temu nínú mítà 10,000, Amos Biwott nínú eré mítà 3,000 tí wọ́n ti ń fo igi àti kòtò omi. Ọlọ́pàá ni Keino, ṣọ́jà ni Kiprugut àti Temu. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Iṣẹ́ ìjọba ló ń fún àgbà láyè àti oúnjẹ láti máa gbáradì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá á sáré nínú ìdíje ilé-ìwé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì di ọdún tó ń bọ̀.

Àyè yìí ni Iten dí. Nígbà tí Bùrọ́dà Colm dé, òyìnbó mìíràn ló ń bójú tó eré ìje nílé-ìwé náà: Peter Foster, àbúrò Brendan Foster tó gba idẹ mítà 10,000 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Montreal lọ́dún yẹn gan-an, lórí pápá tí kò ti sí ọmọ Kẹ́ńyà kankan. Foster ní kí àlejò náà wá ran òun lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Foster fi padà sílé, ni gbogbo ẹrù bá wá sórí olùkọ́ jọ́gíráfì.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́ ọmọdé fún eré ìdárayá fara balẹ̀ wò. Kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ tán. Ó jókòó ti àwọn ọmọ, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè bí ara ṣe ń ṣe wọ́n lẹ́yìn eré, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lára wọn. Àwọn ọmọ náà ti ní ìpìlẹ̀: ilẹ̀ Iten ga tó mítà 2,400 sókè òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ẹni tó dàgbà síbẹ̀ sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi atẹ́gùn díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń sáré lọ sílé-ìwé, láti kékeré. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò tò ó, tí kò ní bà á jẹ́.

Èso rẹ̀ kọ́kọ́ hàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn yunifásítì ibẹ̀ ti ń wá sárésáré sí Kẹ́ńyà láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi ń fà wọ́n. Ibrahim Hussein, akẹ́kọ̀ọ́ St. Patrick's, lọ sí University of New Mexico. Ní 1987, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí nínú marathon New York; ní 1988, òun náà ni àkọ́kọ́ ní Boston, ó sì tún gba Boston ní 1991 àti 1992. Peter Rono lọ sí Mount St. Mary's ní Maryland. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tó gba wúrà mítà 1,500 ní Seoul ní 1988, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ka orúkọ rẹ̀ kún. Ní Barcelona ní 1992, Matthew Birir, ọmọ ilé-ìwé kan náà, ló ṣíwájú àwọn ọmọ Kẹ́ńyà mẹ́ta tó kó wúrà, fàdákà àti idẹ lọ nínú eré fífo igi àti omi. Nínú ọgbà St. Patrick's, wọ́n ń gbin igi fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di olúborí ayé, orúkọ ẹni náà á sì wà nídìí igi.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ilé-ìwé ọkùnrin ni St. Patrick's, àwọn ọmọbìnrin agbègbè náà ò sì ní ibi kankan tí wọ́n lè yà sí. Bí ilé-ìwé bá ti wọ ọlidé, iṣẹ́ ilé ń dúró dè wọ́n, ọ̀rọ̀ ọkọ náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1989, Bùrọ́dà Colm dá káńpù ọlidé sílẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Oṣù kẹrin, oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá, nígbà tí ilé-ìwé bá ti pa, ni wọ́n ń kóra jọ. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, káńpù yìí ju gbogbo igi inú ọgbà náà lọ. Lydia Cheromei wà lára àwọn tó ti ibẹ̀ jáde, ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré sì ni nígbà tó borí nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún eré inú pápá àti ìgbẹ́ lágbàáyé ní Antwerp ní 1991. Edna Kiplagat náà gba ibẹ̀ kọjá. Ó di olúborí ayé nínú marathon ní 2011 àti ní 2013, nígbà tó ti di ìyá ọlọ́mọ. Janeth Jepkosgei borí láàárín àwọn ọ̀dọ́ ayé nínú mítà 800 ní 2002, ó borí láàárín àwọn àgbà ní Osaka ní 2007, ó sì gba fàdákà Òlíḿpíìkì ní Beijing ní 2008.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú káńpù náà gan-an? Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ wá àṣírí máa ń rò pé wọ́n tàn án. Láàárọ̀, àwọn ọmọ á jọ sáré lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa, wọ́n á rọra sá a débi tí wọ́n fi lè máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni eré ìdárayá orí koríko: gbígbé orúnkún sókè, fífò lẹ́sẹ̀ kan, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan láì mì, fífún ikùn àti ẹ̀yìn lágbára. Bùrọ́dà Colm á máa wo èjìká bóyá ó le, á máa wo ọwọ́ bóyá ó ń fì kọjá àyà, á máa wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Ohun mẹ́rin ló ń tẹnu mọ́: kí ọkàn pa pọ̀ sójú kan, kí ara tò lọ́nà títọ́, kí àárín ara dúró gírí, kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ bọ́ sásìkò. Eré líle kéré. Kò sí ẹ̀rọ ńlá, kò sí yàrá ìwádìí. Aago ọwọ́ kan ló wà, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ síta.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Egungun ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, iṣan rẹ̀ ò tíì gbó, ọmọ tí wọ́n bá sì fi eré àgbà lù nígbà náà sábà máa ń ṣẹ́ kó tó pé ogún ọdún.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Ìjọba ibẹ̀ náà gbà pé ọmọdé ni a ti ń kọ́ eléré ìje. Wọ́n dá ilé-ìwé eré ìdárayá fún àwọn ọmọdé sílẹ̀ káàkiri, láti 1973 wọ́n sì ń wọn ọmọ ilé-ìwé ní gíga àti ní ìwúwo láti fi mọ eré tó yẹ kálukú. Ètò náà péye tó bẹ́ẹ̀ tí orílẹ̀-èdè kékeré yẹn fi ń bá Amẹ́ríkà àti Soviet Union du wúrà. Ṣùgbọ́n ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí ètò ìkọ̀kọ̀ láti máa fún àwọn eléré ìje ní oògùn amárale. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wẹ odò ń gbé hóró Oral-Turinabol mì, wọ́n ní fítámì ni. Ohùn wọn yí padà, ara wọn yí padà, àìsàn sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà. Ní ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ kan ní Berlin dá Manfred Ewald, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn léṣe. Kò sí iye wúrà tó lè san gbèsè ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ò jẹ́ kí Iten sinmi. Bengt Saltin, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara láti Sweden, kó àwọn sárésáré orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 1990 láti wọn ara wọn pẹ̀lú tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ St. Patrick's. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi àwọn àgbà Sweden sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìwádìí tó tẹ̀lé e tọ́ka sí ojúgun tó tín-ín-rín, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wúwo láti gbé, ó sì tọ́ka sí òkè àti sí eré ìgbà èwe. Òtítọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, òkè wà káàkiri ayé, ẹsẹ̀ tín-ín-rín náà sì wà níbòmíràn. Ilé-ìwé tó ń gba ọmọ ní mẹ́rìnlá, tó sì ní sùúrù títí yóò fi pé ogún, ni kò wọ́pọ̀.

Ìtàn mítà 800 nìkan tó láti fi ìyẹn hàn. Wilson Kipketer gba St. Patrick's kọjá kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Denmark ní 1990, ó sì di ọmọ ìlú ibẹ̀. Láti 1981 ni Sebastian Coe ti sá a ní ìṣẹ́jú kan àti àáyá 41.73, tí ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ ẹ́ lórí ìjókòó. Ní 1997, Kipketer kọ́kọ́ bá a dọ́gba ní Stockholm, ó borí rẹ̀ ní Zurich, ó sì tún gé e sí 1:41.11 ní Cologne. Ọdún mẹ́tàlá ni ìyẹn dúró. Ẹni tó wó o lulẹ̀ ní Berlin ní oṣù kẹjọ 2010 ni David Rudisha, ọmọ Màsáì láti Kilgoris, tí bàbá rẹ̀ gba fàdákà nínú eré mítà 400 tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn sá ní Mexico ní 1968. Rudisha lọ sílé-ìwé ní Kimuron, ní Iten kan náà. Mítà 400 àti eré onípele mẹ́wàá ló ń bá kiri, kí Bùrọ́dà Colm tó darí rẹ̀ sí 800. Kò kánjú pẹ̀lú rẹ̀. Ní London ní 2012, Rudisha ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó lè sá tẹ̀ lé lẹ́yìn láti sinmi, ó sì parí rẹ̀ ní 1:40.91.

Lóde òní, Iten ti di ibi tí gbogbo ayé ń wọ́ wá. Sárésáré Lornah Kiplagat kọ́ ibùdó ìgbáradì síbẹ̀, Mo Farah, sárésáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà sì ti lọ gbáradì ní ìlú náà. Owó ti dé, ìkánjú náà sì bá owó dé. Ní 2014, wọ́n rí EPO, oògùn tí òfin eré ìje kà léèwọ̀, lára Rita Jeptoo, tó ti borí nínú marathon Boston àti ti Chicago. Ọ̀pọ̀ orúkọ sì tẹ̀ lé tirẹ̀, títí ìjọba Kẹ́ńyà fi ṣòfin lòdì sí oògùn amárale ní 2016. Àwọn kan tún ń pe ara wọn ní kóòṣì, wọ́n ń fẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá, wọ́n sì ń gba owó wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Agnes Tirop fi àkọsílẹ̀ ayé tuntun lélẹ̀ nínú kìlómítà 10 fún obìnrin nìkan. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á sílé rẹ̀ ní Iten, ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọkọ rẹ̀, ó sì ní òun kò jẹ̀bi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Tirop dá ẹgbẹ́ Tirop's Angels sílẹ̀ láti gbèjà àwọn obìnrin tó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yin Iten gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba èyí náà.

Iṣẹ́ káńpù ọlidé ò sì dúró sọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Janeth Jepkosgei, tó ti ibẹ̀ jáde, mú ọmọkùnrin kan mọ́ra, Emmanuel Wanyonyi, tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré nítorí àìrówó, tó ń da màálù fún ẹlòmíràn. Ó kọ́ ọ ní eré, ó sì tọ́ ọ títí ó fi borí láàárín àwọn ọ̀dọ́ ayé ní Nairobi ní 2021. Ní Paris ní 2024, lẹ́ni ogún ọdún, Wanyonyi gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú mítà 800. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tó sáré ní Lausanne tó sì parí ní 1:41.11, iye àáyá tí Kipketer fi parí tirẹ̀ ní Cologne gẹ́lẹ́. Rudisha nìkan ló tíì sá a kíákíá jù wọ́n lọ.