Ashgrove: Ẹkùn Ìdìbò Tí Ó Lé Prẹ́míà Kúrò Nípò

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2015, Campbell Newman, Prẹ́míà ìpínlẹ̀ Queensland ní orílẹ̀-èdè Austrálíà, pàdánù àga rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ọdún 1915, nígbà tí Digby Denham fìdí rẹmi ní ẹkùn Oxley. Àwọn ará Ashgrove tí wọ́n gbé Newman wọlé ní ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ni wọ́n kọ̀ ọ́.

Gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ni ó ń dìbò yan Prẹ́míà ní Queensland. Ẹkùn kan ni ó ń rán an lọ sílé ìgbìmọ̀, àwọn aṣòfin tí wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í jẹ olórí. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá mọ ètò yìí dáadáa. Gómìnà wa òní kò ní irú ìpayà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àdúgbò kan ṣoṣo tí ó lè dá yọ ọ́.

Apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìlú Brisbane ni Ashgrove wà, àdúgbò olókè tí ó kún fún ilé onípákó tí a gbé lé òpó. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò ní ẹkùn náà. Douglas Tooth ti ẹgbẹ́ Liberal lo ọdún 14 níbẹ̀, John Greenwood, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, sì rọ́pò rẹ̀. Ní 1983, ìjà dé láàárín Liberal àti ẹgbẹ́ National ti Joh Bjelke-Petersen tí wọ́n jọ ń ṣèjọba, Liberal ni ó sì fara gbọgbẹ́ jù. Tom Veivers, eléré kíríkẹ́ẹ̀tì tí ó ti ṣojú Austrálíà rí, gba Ashgrove fún ẹgbẹ́ Labor. Alan Sherlock gbà á padà fún Liberal ní 1986. Jim Fouras ti Labor wọlé ní 1989, kò sì kúrò títí di 2006. Òun ni ó pẹ́ jù níbẹ̀, ó sì ṣe Abẹnugan láàárín. Kate Jones, láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó jogún àga náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ẹgbẹ́ LNP, tí Liberal àti National ti para pọ̀ dá sílẹ̀, fi Newman ṣe olórí. Méyọ̀ ìlú Brisbane ni nígbà náà, kò sì sí nílé ìgbìmọ̀ rárá. Dípò kí ó wá ẹkùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ashgrove ni ó yàn. Jones fi ipò mínísítà sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ ẹkùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì ọdún 2012 gbé e lọ. LNP gba àga 78 nínú 89, méje péré ni ó kù fún Labor.

Ìjọba Newman gé nǹkan bí iṣẹ́ 14,000 kúrò nínú iṣẹ́ ọba, nínú ìpínlẹ̀ tí Brisbane jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ó tún gbèrò láti fi ohun ìní ìjọba, títí kan ti iná mọ̀nàmọ́ná, háyà fún ọdún gbọọrọ. Àwọn kan ní àṣìṣe ni yíyàn tí ó yan Ashgrove. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ní àga tí mìmì kan kò lè mì, ìjọba náà ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé LNP ṣubú láti 78 sí 42, tí Labor sì ní 44. Annastacia Palaszczuk di Prẹ́míà, Kate Jones sì padà sí àga rẹ̀ àti sí ipò mínísítà.

Ní ọdún 2017, wọ́n tún ààlà àwọn ẹkùn pín, àga ilé ìgbìmọ̀ di 93, orúkọ Ashgrove sì kúrò nínú ìwé. Cooper ni wọ́n pe ẹkùn tí ó rọ́pò rẹ̀, ní ìrántí Lilian Cooper, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ní Queensland. Jones ni ó kọ́kọ́ ṣojú rẹ̀.